Ilé Tí Mo Máa Dé Sí ní Ríṣímọ́ǹdì

Ọkọ mi ti rán kóòtù náà tán kí a tó mọ ìlú tí mò ń lọ. Búláńkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú méjì ló gé, àwòrán inú ìwé ìròyìn òyìnbó kan ló sì ń wò rán an. Ó gùn dé kókósẹ̀ mi, ó ní kọ́là tó lè bo etí, ó ní bọ́tìnnì dúdú mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tóbi bí ìdérí ìgò. Ó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú ọ̀nà ọjà Ìlá, nínú oṣù tí òjò kò tíì dúró dáadáa, tí oòrùn ń mú débi pé ewúrẹ́ gan-an ń wá sá sábẹ́ tábìlì wa.

Kò sẹ́ni tó kọjá tí kò dúró.

"Télọ̀, ẹ̀kú eégún ta lẹ̀ ń rán?"

"Ìyàwó mi ni mo rán an fún. Ó ń lọ sí Amẹ́ríkà."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe lọ́hùn-ún tí ẹ fi fẹ́ pọ́n ọn bí ẹ̀kọ?"

Èmi ni ìyàwó náà. Mò ń ṣe tíṣà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlá lọ́dún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ kún kíláàsì mi títí dé ojú fèrèsé. Mo ti jáde girama, mo ti lọ́kọ, mo sì ń tọ́ ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ oṣù mẹ́fà lọ. Òyìnbó obìnrin kan wà tó kọ́ mi ní girama, Mísì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé Yorùbá ló fi ń bú ewúrẹ́ tó bá jẹ òdòdó rẹ̀. Mísì fẹ́ lọ sinmi nílé fún oṣù mélòó kan, ó sì fẹ́ mú mi dání, kí n lọ sọ fún àwọn obìnrin ìjọ lọ́hùn-ún bí àwọn ọmọ wa ṣe ń kàwé.

Ìjọ méjì ló ní àwọn fẹ́ gbà mí lálejò fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀kan wà ní ìlú Ríṣímọ́ǹdì, èkejì wà ní ìlú Tolídò. Ìlú méjèèjì jìnnà síra wọn, n kò lè lọ sí méjèèjì. Mísì ní kí n mú ọ̀kan.

Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya wọ́n fún mi lójú pátákó. Ríṣímọ́ǹdì wà nísàlẹ̀, odò ńlá gba àárín rẹ̀ kọjá, tábà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, òórùn rẹ̀ a sì máa gba ojú títì kan. Ibẹ̀ ni ìlú Mísì fúnra rẹ̀, ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tolídò wà lókè, létí omi kan tó fẹ̀ bí òkun, dígí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, òtútù rẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ. Kò sí èyí tó tó Ìbàdàn nínú méjèèjì. Èyí ló kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìyá ọkọ mi kò gbà rárá.

"Amẹ́ríkà wo ni kò tó Ìbàdàn? Àbí oko Amẹ́ríkà ni wọ́n ń mú ìyàwó mi lọ?"

Lẹ́tà ìlú méjèèjì dé lọ́jọ́ kan náà. Mo kà wọ́n sókè ní Yorùbá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, níbi tí ìyá ọkọ mi ti ń hun kíjìpá lórí òfì rẹ̀. Ọkọ mi jókòó sórí àpótí, ọmọ wa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ti Tolídò ni mo kọ́kọ́ kà. Tọkọtìyàwó kan tí wọ́n jẹ́ òyìnbó ló fẹ́ gbà mí sílé. Wọn yóò fún mi ní yàrá lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ kan wà nínú ilé tó ń fọ aṣọ fúnra rẹ̀, bí mo bá sì dúró títí di ìparí ọdún, yìnyín yóò bọ́ lójú mi. Ọkọ mi wo kóòtù rẹ̀ nínú ọkàn, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, wọ́n ní ó dun àwọn pé àwọn kò ní àyè fún ọmọ ọwọ́, àti pé kò ní burú kí ìyá ọmọ rí ìsinmi díẹ̀.

Igi tí ìyá ọkọ mi fi ń gbá òwú mọ́lẹ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ìyá ọmọ sinmi lára kí ni?"

"Lára ọmọ, Ìyá."

"Wàlláhì? Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?" Ó wo ọmọ náà bí ẹni pé ọmọ ló yẹ kó dáhùn. "Ìwọ, wọ́n ní kí ìyá rẹ sinmi lára rẹ. Kí lo ṣe fún wọn?"

Mo kà ti Ríṣímọ́ǹdì. Èyí kúrú. Wọ́n ní inú àwọn yóò dùn láti rí mi nínú ìjọ. Wọ́n ní àwọn ti bá mi wá ilé tí mo máa dé sí, ilé opó kan tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tíṣà bíi tèmi, tí ìwà rẹ̀ dára tí ilé rẹ̀ sì mọ́. Opó náà ní kí n mú ọmọ mi dání.

Kí n sọ òótọ́ ibẹ̀. Mo fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà débi pé ojú ń tì mí. Ní alẹ́ tí mo bá ń fún ọmọ lọ́mú, mo máa ń ronú ọkọ̀ ojú omi, ara mi á sì máa gbóná bí ẹni jí nǹkan gbé. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí, nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa ṣí, kò ní tíì pé ọdún kan. Ọmú ló ń mu. Ìyá ọkọ mi ti ní òun á bá mi mójú tó o, àgbo wà, ẹ̀kọ wà, òun náà sì wà. Mo mọ̀ pé ọmọ kò ní kú. Èmi ni n kò mọ̀ bóyá mo máa padà bá a kí ó mọ̀ mí. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn nínú lẹ́tà Ríṣímọ́ǹdì fi wọ̀ mí lára ju ẹ̀rọ ìfọṣọ àti yìnyín lọ.

Ìyá ọkọ mi ló rí ohun tí kò jọra.

"Ríṣímọ́ǹdì yìí, ṣe bí ibẹ̀ ni ilé Mísì?"

"Ibẹ̀ ni, Ìyá."

"Ìyá rẹ̀ ò sì tíì kú?"

"Ó wà láàyè."

"Ilé wọn wó ni?"

Mo ní kò wó.

"Ẹni tó mú ọ dání lọ sílé rẹ̀, kí ló dé tí ò níí mú ọ dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀?"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rò ó. Ọ̀rọ̀ náà le. Lẹ́yìn náà ni ojú Ìyá tàn, ó fọwọ́ lu itan rẹ̀ pà.

"Háà! Àṣé ọlọgbọ́n èèyàn ni wọ́n! Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lọ láyé ogun, ṣé kì í ṣe Amẹ́ríkà ni wọ́n kó wọn lọ? Ẹbí rẹ ni wọ́n wá kàn fún ọ! Wọ́n mọ̀ pé àlejò tó ní ẹbí nílùú kì í sùn nílé ẹlòmíì."

Kí ẹni tí kì í ṣe ará ìhà tiwa má rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán nìyẹn. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Bí ará Ìlá bá lọ sí Òkè-Ìlá tàbí Ọ̀tan, bó ṣe ilé ọba ni wọ́n pè é sí, ilé ẹbí rẹ̀ ni yóò gbé ẹrù rẹ̀ sí kí ó tó lọ síbi tí wọ́n pè é. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, mo lọ fún ìpàdé àwọn tíṣà ní Ọ̀tan, mo sì sùn nílé tíṣà ẹgbẹ́ mi, nítorí pé ó sún mọ́ ilé-ìwé. Àǹtí ọkọ mi kan wà nílùú náà. Ọdún kan gbáko ni kò fi dá mi lóhùn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé, "Ìyàwó, ṣé ilé mi ń rùn ni?"

Nítorí náà, ohun tí Ìyá sọ bọ́ sí wa lára. Ọkọ mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mo ka ìtàn òwò ẹrú ní girama, tó yẹ kí n béèrè ọ̀rọ̀ síwájú sí i, èmi náà mi orí. Omi tilẹ̀ bọ́ lójú mi. Mo rò ó pé àwọn òyìnbó ìlú kan jókòó, wọ́n ronú, wọ́n ní ọmọ yìí ń bọ̀ láti Ìlá, ẹ jẹ́ ká wá ẹbí rẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá ta òwú tuntun sórí òfì. Ó ní opó náà ni òun fẹ́ hun ún fún. Mo kọ lẹ́tà ìdáhùn pé Ríṣímọ́ǹdì ni mo mú, tèmi tọmọ mi, mo sì gbé e lọ fún Mísì kó bá mi fi ránṣẹ́. Ó kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Ṣó dá ọ lójú, ọmọ mi? Tolídò dára o. Wàá rí yìnyín."

"Ó dá mi lójú, Mísì. Mo dúpẹ́ pé ẹ bá mi wá ẹbí mi."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rò pé ooru ni.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí ìtúnu ààwẹ̀ fi dé. Télọ̀ kì í sinmi nígbà ọdún. Àwọn ọmọ ìlú tó wà nídàálẹ̀ ń wọlé, oníkálukú fẹ́ kí aṣọ òun jáde lónìí. Nínú wọn ni bọ̀dá kan láti agboolé wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, tó sì ti lo ọdún mẹ́rin ní Amẹ́ríkà níbi tó ti kàwé. Ṣòkòtò rẹ̀ ló gbé wá kí ọkọ mi bá a dín in. Mo wà níbẹ̀, mò ń bá ọkọ mi ran bọ́tìnnì, ọmọ ń sùn lẹ́yìn mi.

Bọ̀dá wo kóòtù ara ògiri.

"Ta ló ń lọ sí Tolídò?" Àwàdà ló fi ṣe o. Ó ti gbé nítòsí ibẹ̀ rí, ó sì mọ irú òtútù tó yẹ kóòtù náà.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó yín ni. Ṣùgbọ́n Ríṣímọ́ǹdì ló mú. Ó fẹ́ fi iṣẹ́ mi ṣòfò."

"Ríṣímọ́ǹdì?" Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Bọ̀dá. "Ilé ta lo fẹ́ dé sí níbẹ̀, ìyàwó wa?"

Mo sọ fún un. Mo fi ìdùnnú sọ ọ́, títí kan ti ẹbí tí wọ́n wá kàn fún mi. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó fa àpótí kan, ó jókòó.

"Ta ló sọ fún yín pé nítorí ẹbí ni?"

"Nítorí kí ni nígbà náà, Bọ̀dá?"

"Nítorí pé o ò lè sùn nílé wọn ni. Òfin wà."

N kò gbọ́ ọ yé. Mo rò pé òfin àwọn tó ń wọ̀lú ni, bí ìwé ìrìnnà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Ní ìhà ibi tí Ríṣímọ́ǹdì wà, ó ní, ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni ìjókòó dúdú. Ẹ̀rọ omi méjì ló máa ń wà lára ògiri kan náà, wọ́n á kọ "funfun" sí ọ̀kan, wọ́n á kọ "dúdú" sí èkejì. Ilé oúnjẹ wà tó jẹ́ pé bí o bá fẹ́ jẹun, ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni wàá ti gbà á, wàá sì wá ìdí igi jókòó sí. Ó ní òun wọ bọ́ọ̀sì gba ìhà yẹn kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, òun wọ kóòtù àti táì, wọ́n ní kí òun dìde lọ sẹ́yìn. Nígbà kejì, òun wọ agbádá, òun dé fìlà, wọ́n rò pé ọmọ ọba ilẹ̀ òkèèrè ni òun, ọkùnrin tó lé òun dìde lọ́jọ́sí sì ní kí òun máa rọra o, kí òun má kọsẹ̀.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in.

"Inú ìjọ ńkọ́?" Mo bi í. "Ìjọ ló pè mí."

"Wàá sọ̀rọ̀ níwájú, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ọ. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan máa fi mọ́tò gbé ọ sọdá sí àdúgbò dúdú, kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Bí ọmọ mi bá ṣàìsàn ńkọ́?"

"Ọsibítù àwọn dúdú wà lọ́tọ̀."

Abẹ́rẹ́ gún mi. N kò mọ̀ pé ó gún mi àfi ìgbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ funfun oníbàárà. Kì í ṣe pé n kò tíì gbọ́ rí pé òyìnbó ń fojú di aláwọ̀ dúdú. Ta ni kò gbọ́? Ohun tó dùn mí ni lẹ́tà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo kà á! Mo kà á fún ìyá ọkọ mi, mo kà á fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi, mo fi yangàn. Mo di ọwọ́ tí wọ́n fi tì mí sẹ́yìn mú, mo ń dúpẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni gba ẹ̀bùn.

Ìyá ọkọ mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀. Àkàrà ló gbé wá fún wa. Kò gbé e kalẹ̀.

"Mísì wa ńkọ́?" Ó bi Bọ̀dá. "Ṣé Mísì mọ̀?"

"Ìyá, ìlú rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí."

"Mísì tó ń jẹ iyán lọ́wọ́ mi? Tó jókòó sórí ẹní mi lọ́jọ́ ìkómọ, tó gbé ọmọ yìí, tí ọmọ tọ̀ sí i lára, tó ní kò burú, ìbùkún ni?" Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó, ṣé ara wa ń rùn ni?"

Ohun tí àǹtí Ọ̀tan bi mí gan-an nìyẹn.

N kò dúró kí n jẹ àkàrà. Mo pọn ọmọ mi dáadáa, mo gba òkè lọ sílé Mísì. Òun náà ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ìwé wà káàkiri ilẹ̀. Ó rí ojú mi, ó sì gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Inú girama ni wọ́n ti kọ́ mi láti máa bá òyìnbó sọ̀rọ̀ yíká yíká. Lọ́jọ́ yẹn, n kò yí i.

"Mísì, bí mo bá dé Ríṣímọ́ǹdì, ṣé mo lè sùn nílé ìyá yín?"

Ó jókòó sórí àpótí ẹrù rẹ̀. Nígbà tó máa dáhùn, Yorùbá rẹ̀ tó máa ń dá ṣáká di ti ẹni tó ń kọ́ ọ.

"Rárá."

"Ṣé mo lè jẹun níbẹ̀?"

"Nínú ilé ìdáná. Bí o bá gba ẹ̀yìn wọlé."

"Èmi, tàbí èmi àti ẹ̀yin?"

Ó ń sunkún. N kò rí i kó sunkún rí, n kò sì fẹ́ rí i. Ọmọ mi nawọ́ sí i láti ẹ̀yìn mi, bó ṣe máa ń ṣe, torí pé ọmọ kò mọ nǹkan kan. Mo fi ẹ̀gbẹ́ sún sẹ́yìn kí ọwọ́ ọmọ má baà kàn án. Àánú ṣe mí lójú ẹsẹ̀, inú sì bí mi pé àánú ṣe mí.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Mo rò pé wàá mú Tolídò," ó ní. "Yàrá tó dára, yìnyín, gbogbo rẹ̀. Mo ń gbàdúrà kí o mú Tolídò, kí n má baà ní láti sọ ọ́. Nígbà tí o wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi..." Ó dìde, ó ṣí àpótí tábìlì rẹ̀, ó mú lẹ́tà mi jáde. Kò fi í ránṣẹ́. Láti ọjọ́ yìí wá, inú tábìlì ló wà. "Gbà. O ṣì lè mú ìlú tó bá wù ọ́."

Mo gbà á. N kò kí i kí n tó jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo kúrò níwájú tíṣà mi láì kí i.

Ilé wa kò tòrò lọ́sẹ̀ yẹn. Ọkọ mi kì í ṣe aláriwo, ṣùgbọ́n ó ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bí ẹni ń lé olè. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. "Tolídò ni. Kò sẹ́ni tó máa mú ìyàwó mi gba ẹ̀yìn ilé. Ìyá á bá wa mójú tó ọmọ. Kóòtù sì wà nílẹ̀." Mo ní bí n kò bá lọ rárá ńkọ́? Ó ní ìyẹn náà dára. Ohùn rẹ̀ kò dára.

Mo tún lọ bá Bọ̀dá kó tó padà sí Ìbàdàn. Mo bi í bóyá Tolídò sàn. Ó ronú díẹ̀. "Lókè níbẹ̀, wọn kì í kọ ọ́ sára ògiri. Ojú ni wọ́n fi ń sọ ọ́. O máa mọ̀ ọ́n kà láàárín ọ̀sẹ̀ kan."

Ìyá ọkọ mi kò fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ bíi mẹ́ta. Kíjìpá opó náà wà lórí òfì, kò tó ìdajì. Mo rò pé ó máa tú u ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó pè mí.

"Ìyàwó, ẹnìkan wà tí gbogbo yín ò bi léèrè ọ̀rọ̀."

"Ta ni, Ìyá?"

"Obìnrin tó ni ilé. Òyìnbó ní kó gba àlejò. Mísì ní kó gba àlejò. Èmi náà ti sọ ọ́ di ẹbí níbí, mò ń hunṣọ fún un. Ṣé ó fẹ́ gba àlejò? Bí wọ́n bá di àlejò lé mi lórí torí pé wọn ò fẹ́ kó kó ìdọ̀tí bá ilé tiwọn, ṣé inú mi máa dùn? Kọ̀wé sí i. Bi í."

Ó yà mí lẹ́nu pé n kò rò ó. Mo jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo kọ lẹ́tà tí bàlúù ń gbé sí i, sí àdírẹ́sì rẹ̀ tó wà nínú lẹ́tà ìjọ. N kò lo gẹ̀ẹ́sì girama. Mo sọ fún un pé mo ti mọ ìdí tí wọ́n fi ní kí n dé sílé rẹ̀. Mo sọ fún un ohun tí a kọ́kọ́ rò, ti ẹbí, bó tilẹ̀ ń tì mí lójú. Mo ní bí kò bá fẹ́ mi, kó sọ ọ́, kò ní bí mi nínú.

Èsì rẹ̀ dé nígbà tí òjò ti ń rọ̀ gan-an. Ìwé kan ṣoṣo ni, ìkọ̀wé rẹ̀ gún régé bíi ti ẹni tó ti kọ́ ọmọ ní kíkọ àti kíkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ṣì ní in lọ́wọ́. Ohun tó sọ nìyí, bí mo ṣe kà á fún Ìyá àti ọkọ mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà:

Pé òótọ́ ni, wọn kò bi òun, wọ́n kàn sọ fún òun ni. Pé nígbà tí òun gbọ́ pé ẹni tó ń bọ̀ ní ọmọ ọwọ́, òun ló sọ pé kó mú un dání, kò sẹ́ni tó rán òun. Pé ibùsùn ọmọ kan wà nínú yàrá ẹ̀yìn, ọmọ tòun kò lò ó pẹ́. Pé ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kùn ni èmi àti òun kò ní lè gbà wọlé ní Ríṣímọ́ǹdì, òun kò ní parọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn iwájú ilé òun, òun ló ni ín, owó òun ni òun fi kọ́ ọ, ibẹ̀ sì ni èmi àti ọmọ mi máa gbà wọlé. Pé òun kò mọ ìlú tí wọ́n ti kó àwọn baba òun wá, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún òun rí. Bí ìyá ọkọ mi bá ní Ìlá ni, òun kò ní bá a jiyàn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ọkọ mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá kò sunkún. Ó jókòó tààrà sídìí òfì rẹ̀.

"Ǹjẹ́ mo parọ́?" Ó ní. "Mo parọ́? Ẹbí ni. Irọ́ àwọn tó kọ lẹ́tà ni, tèmi kì í ṣe irọ́." Igi tó fi ń gbá òwú sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Mo padà lọ bá Mísì. Mo kí i lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní Ríṣímọ́ǹdì ni mo mú, ojú mi là sí i báyìí, ọmọ mi ń bá mi lọ. Mo ní ṣùgbọ́n nǹkan kan wà.

"Ẹ máa wá jẹun lọ́dọ̀ wa níbẹ̀, nílé opó náà. Ẹ máa gba iwájú wọlé, lọ́sàn-án, bí ẹ ṣe ń ṣe níbí."

"Gbogbo àdúgbò á rí mi," ó ní. "Ìyá mi á gbọ́ kó tó di alẹ́."

"Ìyá tèmi náà ti gbọ́, Mísì."

Ó wo ọmọ mi, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Iyán kò sí níbẹ̀."

"Ohun tí wọ́n bá sè lẹ máa jẹ."

Ó ní òun máa wá. Ó wá lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú oṣù mẹ́ta. Mo ti gbìyànjú láti mọ bóyá ẹ̀ẹ̀kan yẹn pọ̀ tàbí ó kéré, n kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ọkọ mi ló kù. Kò tíì sọ nǹkan kan láti ọjọ́ tí lẹ́tà opó dé, mo sì mọ̀ pé n kò ní lọ láìjẹ́ pé ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ku bíi ọ̀sẹ̀ méjì kí a wọ lọ́rí lọ sí Òṣogbo láti wọ rélùwéè. Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bá a tó ti gbé kóòtù kúrò lára ògiri, tó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, tó mú ṣọ́ọ̀kì, tó ń fa ìlà gba ibi orúnkún kọjá.

"Ẹ̀ ń ṣe kí ni, Bàbá ọmọ mi?"

"Ríṣímọ́ǹdì ò tutù tó Tolídò," ó ní. Kò gbójú sókè. "Eléyìí ti gùn jù."

Ó mú àlùmọ́gàjí. Búláńkẹ́ẹ̀tì nípọn, ó fi gbogbo ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ń dún gìrì gìrì bí ewúrẹ́ ń jẹ àgbàdo. Nígbà tó gé e yíká tán, ó ká ìsàlẹ̀ kóòtù náà sọ́wọ́, ó ní kí n gbé ọmọ wá. Ó wọn èjìká rẹ̀, ó wọn apá rẹ̀, ọmọ ń fa okùn ìwọ̀n sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló tú bọ́tìnnì méjì nínú mẹ́fà kúrò lára tèmi, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi òwú sójú abẹ́rẹ́.